Ẹni Tó Bá Fa Aṣọ Ló Ń Bẹ̀rẹ̀

Lọ́yà kì í ṣe agbẹjọ́rò. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ń ká ní ilé ìfọṣọ ńlá kan, ó sì ti ń ká a fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìbéèrè ló sọ ọ́ lórúkọ. Bí èèyàn bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́ débi iṣẹ́, Lọ́yà á bi í níbi tó gbà, ẹni tó pàdé lọ́nà àti ohun tí ẹni náà wọ̀, títí onítọ̀hún á fi máa jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe èkejì rẹ̀. Òun náà, ẹnu rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Bí o ò bá bi í, kò ní sọ̀rọ̀. Bí o bá bi í, á dá ọ lóhùn, kò ní fi kún un, kò sì ní yọ níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti jọ ń ká aṣọ, nítorí aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ju ọwọ́ ẹnì kan lọ. Lọ́yà á fa aṣọ jáde nínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ ẹ́, á ju etí méjì sí Jẹ́jẹ́, wọ́n á fà á le, wọ́n á rìn pàdé ara wọn, Jẹ́jẹ́ á gba etí tọwọ́ Lọ́yà mọ́ tiẹ̀, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bá yọjú ní ẹnu ọ̀nà máa ń sọ pé ó dà bí ijó. Kí wọ́n wá jó o láti àárọ̀ dalẹ́ ná.

Ọmọ Lọ́yà obìnrin, tó ń gbé ìlú mìíràn, ló fi ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sínú fóònù ìyá rẹ̀. Ogójì ẹ̀kọ́ ni, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ àfetígbọ́. Ọkùnrin kan á béèrè, obìnrin kan á dáhùn, ohùn á wá dákẹ́ díẹ̀ kí ẹni tó ń gbọ́ lè tún un sọ. Ẹ̀kọ́ kìíní dá lórí ìkíni. Ìkejì, orúkọ, ilé àti ìdílé. Ìkeje, níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ìkejìlá, ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà ní kí ìyá òun máa gbọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ó hàn gbangba pé kò tíì wọ ibi iṣẹ́ ìyá rẹ̀ rí. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ pọ̀ débi pé bí o bá kígbe pé iná ń jó, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ á rò pé ò ń kí òun ni, á sì dá ọ lóhùn pé a dúpẹ́.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i nìyí. Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, fóònù á wà láàárín wọn, wọ́n á gbọ́ ẹ̀kọ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn fúnra wọn á di fóònù. Lọ́yà á fa aṣọ, á fi Gẹ̀ẹ́sì jágbe ìbéèrè. Bí wọ́n bá ti rìn pàdé, Jẹ́jẹ́ á gba etí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì fún un ní ìdáhùn. Ẹni tó bá fa aṣọ ló ń bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó pín in bẹ́ẹ̀, bí iṣẹ́ ṣe rí ni. Igba aṣọ lóòjọ́, igba ìbéèrè, igba ìdáhùn.

"Ẹ kàn ń tan ara yín ni," ọkùnrin tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì nítòsí wọn á wí. "Aṣọ bẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ń bá sọ Gẹ̀ẹ́sì."

"Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti gbọ́ ọ báyìí," Lọ́yà á ní. "Ìwọ ló kù."

Ní ọdún kẹta, ikọ́ mú Jẹ́jẹ́. Ó lo oògùn, ikọ́ ò lọ. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó wá ní ooru àti eruku òwú inú yàrá yẹn ni, kó kúrò níbẹ̀ kí oṣù tó parí.

"Bí mi ò bá kúrò ńkọ́, dókítà?"

"Ẹ máa kúrò náà ni. Ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn jáde, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gbé yín."

Ọmọ mẹ́ta ni Jẹ́jẹ́ ń dá tọ́. Ó lọ bá Ọ̀gá, ẹni tó ni ilé ìfọṣọ náà. Ọ̀gá ní ibì kan ṣoṣo tí kò sí ooru nínú gbogbo ilé náà ni káńtà iwájú, níbi tí wọ́n ti ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ń lọ lópin oṣù. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà ò gbọ́ èdè mìíràn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ yege lójú òun. Bí kò bá yege, kò sí ibòmíràn tí òun lè fi í sí.

Ká sòótọ́, Lọ́yà ni àga káńtà yẹn tọ́ sí. Òun ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá pè é, ó ní òun ò fẹ́.

"Kí n jókòó sójú kan káwọn èèyàn máa wò mí bí àwòrán ara ògiri? Jẹ́jẹ́ ni kẹ́ ẹ pè."

Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ti lé lọ́dún tí orúnkún ti ń dun Lọ́yà, kò sì sí ohun tó wù ú láyé bí àga. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ gbọ́, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láàárín àwọn agbọ̀n aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé o. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́—"

"Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, má sọ ọ́. Dìde, omi wà nílẹ̀ yẹn."

Ọjọ́bọ̀ ni Ọ̀gá dá fún ìdánwò náà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lórí àtẹ̀gùn, Lọ́yà gbé àpò oúnjẹ rẹ̀ lé itan Jẹ́jẹ́. "Èmi ni oníbàárà. Aṣọ mi rèé. Ó yá, bi mí."

Jẹ́jẹ́ lanu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Bi mí lórúkọ!"

"Ẹ bi èmi," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Màá sọ tèmi."

"Ta ló béèrè tìẹ? Oníbàárà ni mí, mo sì ń kánjú!"

Jẹ́jẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ibi tí wọ́n ń gbé, ohun tí wọ́n fẹ́ rà, ibi tó ń dùn wọ́n àti ìgbà tí wọ́n máa padà wá. Ìdáhùn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, kò sí ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó dà bí ẹni tó ní bọ́tìnnì tí kò ní ihò tó máa kì í bọ̀.

Lọ́yà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ò bínú. Ó kàn tan fóònù. Ọkùnrin inú rẹ̀ béèrè orúkọ, ó sì dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá a lóhùn."

Ẹ̀rín Lọ́yà gé. Ó wo fóònù, fóònù wò ó. "Ìbéèrè ni mo mọ̀," ó wí.

Odidi ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, wọ́n sì là á sí méjì bí ẹni la obì, oníkálukú gbé ààbọ̀ tiẹ̀ lọ sílé láìfura.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n pààrọ̀ ibi tí wọ́n ń dúró sí. Jẹ́jẹ́ lọ sẹ́nu ẹ̀rọ kó lè fa aṣọ, kó sì béèrè. Aṣọ àkọ́kọ́ já bọ́ sílẹ̀. Èkejì lọ́ mọ́ra bí okùn. Nígbà tó ṣí ẹ̀rọ fún ẹ̀kẹta, ooru lù ú lójú, ikọ́ sì ká a kò títí tó fi di agbọ̀n mú. Kò tíì béèrè ohunkóhun. Lọ́yà fà á kúrò níbẹ̀.

"Mi ò ní pa ọ́ nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀la bá dé, ohun tó bá wà lẹ́nu rẹ ni kó o sọ."

Ọ̀la dé. Ọ̀gá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi Jẹ́jẹ́ ní ohun mẹ́fà tàbí méje: ibi tó ń gbé, ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó máa ṣe bí àbàwọ́n ò bá kúrò lára aṣọ. Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn wéréwéré. Inú Ọ̀gá ti ń dùn. Ìgbà náà ni ìlẹ̀kùn ṣí, bàbá arúgbó kan wọlé pẹ̀lú àpò ńlá.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Ọ̀gá wí, ó sún sẹ́yìn. "Oníbàárà gidi rèé. Gba aṣọ lọ́wọ́ wọn."

Bàbá náà gbé àpò lé káńtà. Ó ń dúró kí wọ́n bi òun.

Jẹ́jẹ́ náà ń dúró. Ó ronú kan àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ronú kan yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀gá wo bàbá, ó wo Jẹ́jẹ́, ó fọwọ́ họ orí.

Ọwọ́ ló gbà á. Nígbà tí orí ò rí nǹkan kan ṣe, ọwọ́ ṣe èyí tó mọ̀: ó ṣí àpò. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló wà lókè. Jẹ́jẹ́ fà á jáde, ó sì ju etí méjì sí bàbá náà. Kò rò ó, ká ní ó rò ó ni, kò ní dán an wò. Bàbá hán etí aṣọ, bí ẹnikẹ́ni ṣe ń hán ohun tí wọ́n bá jù sí i. Jẹ́jẹ́ fà á le lórí káńtà, bí aṣọ sì ṣe le báyìí, ohùn Lọ́yà jáde lẹ́nu rẹ̀, odindi, pẹ̀lú gbogbo ariwo tí wọ́n fi ń borí ẹ̀rọ:

"What is your name?"

Bàbá ta gìrì, ó sọ orúkọ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ nawọ́ gba etí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa òmíràn yọ. Níbo lẹ̀ ń gbé? Bàbá sọ ọ́. Aṣọ mélòó ni? Nígbà wo lẹ fẹ́ ẹ? Ìbéèrè ń tẹ̀ lé ara wọn jáde bí wọ́n ṣe tò wọ́n sínú fóònù, Jẹ́jẹ́ ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá wọn dúró. Ṣé ẹ ti gbéyàwó? Ọmọ mélòó lẹ bí? Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe? Bàbá ń dáhùn, ohùn rẹ̀ náà ti ń lọ sókè. Nígbà tí wọ́n dé aṣọ kẹrin, òun ló ń ju etí sí Jẹ́jẹ́.

"Aṣọ ìdọ̀tí ni o!" Ọ̀gá wí lẹ́yìn wọn, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. "Ta ló ń ká aṣọ ìdọ̀tí?"

Nígbà tí bàbá náà ń jáde, ó sọ̀rọ̀ fún Ọ̀gá, Ọ̀gá sì túmọ̀ rẹ̀ fún Jẹ́jẹ́: ọdún kẹrin rẹ̀ rèé tó ti ń gbé aṣọ wá síbẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun ju iye ṣẹ́ẹ̀tì lọ.

"Àmọ́ o bi wọ́n bóyá wọ́n níyàwó," Ọ̀gá wí.

"Ẹ̀kọ́ kejì ni, sà."

"Fi ẹ̀kọ́ kejì sílé. Ọjọ́ Ajé ni kó o bẹ̀rẹ̀. Má sì jágbe mọ́ wọn bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, sà."

Ó sáré lọ sẹ́yìn. Lọ́yà ń dá aṣọ ká, ó fi àgbọ̀n di apá kan mú. Ó wo ojú Jẹ́jẹ́, kò béèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa rí i kó má béèrè. Jẹ́jẹ́ fẹ́ dúpẹ́ àga, ó fẹ́ dúpẹ́ fóònù, ó fẹ́ dúpẹ́ igba ìbéèrè lóòjọ́ fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ kò sí lẹ́nu rẹ̀ ní èdè kankan. Ó gba etí méjì lọ́wọ́ Lọ́yà, wọ́n sì jọ ká èyí tó kù.

Láti ọjọ́ Ajé yẹn, bí oúnjẹ ọ̀sán bá ti tó, Jẹ́jẹ́ á dìde lórí àga káńtà, Lọ́yà á jókòó síbẹ̀, á na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí, Jẹ́jẹ́ á sì dúró tì í. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa àga náà. Ìdáhùn ni Lọ́yà ń kọ́. Jẹ́jẹ́ ló ń béèrè báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé ọmọ mélòó ló ní.

"Márùn-ún," Lọ́yà wí ní Yorùbá.

"Ẹ̀gbọ́n, méjì ni obìnrin inú fóònù sọ."

"Kó máa tọ́ méjì tiẹ̀. Márùn-ún ni mo bí, mi ò sì ní torí Gẹ̀ẹ́sì pa mẹ́ta níbẹ̀."

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbára lé káńtà. Lọ́yà ń wò ó, ó ń fetí sílẹ̀.

"O ò húkọ́," ó wí.

"Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, Ẹ̀gbọ́n."

Lọ́yà mi orí. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì lé àpótí, ó fẹ̀yìn ti àga dáadáa.

"Tún un bi mí," ó wí.