Fóònù Kan Tó Mọ Ilé

Bí máìfáì bá fẹ́ dójú ti èèyàn, ọjọ́ tí nǹkan pọn dandan ló máa ń mú. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ti lù l'Ágọ̀-Ìwòyè. Ní aago mẹ́wàá géérégé, àwọn ará ilé-ìwé kan l'Ábẹ́òkúta fẹ́ fi kọ̀ǹpútà fọ̀rọ̀ wá Hannah lẹ́nu wò fún iṣẹ́ tísà tó ti ń wá láti ìgbà tí Adéṣínà ọkọ rẹ̀ ti kú, oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Wọ́n ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá pẹ́, orúkọ ẹ̀ ti kúrò nìyẹn. Máìfáì, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún ilé ní íńtánẹ́ẹ̀tì, tanná roro lórí tábìlì, kò sì gbé nǹkan kan.

Hannah pa á, ó tún un tàn. Ó yọ bátìrì, ó nu ojú síìmù, ó gbé e lọ sójú fèrèsé. Pàbó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti dé láti Ìwopin. Dátà tó yẹ kó lo oṣù kan ti fẹ́ tán.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n tún ṣe ládùúgbò, Luqman ni. Ọ̀rọ̀ wá dé nìyẹn. Luqman yìí, ọ̀rẹ́ Adéṣínà, òun ló sáré gbé e lọ sọ́sìbítù lọ́jọ́ tó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n sin òkú tán, tí wọ́n wá fóònù olóògbé tì, Hannah dìde lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní Luqman ló jí i, àfi kó gbé Kùránì. Luqman ní òun ò ní fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré nítorí fóònù, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà ni "Ìyàwó wa" tó máa ń pe Hannah ti di "Madam".

Ojú ti Hannah kó tó pè é. Ṣùgbọ́n Luqman wá.

"Ẹ káàárọ̀, Madam." Kò jókòó, kò gba omi. Ó so fóònù tiẹ̀ mọ́ máìfáì, ó ṣí ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń kọ orúkọ gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. "Nẹ́tíwọ̀kì ò ṣe nǹkan kan. Ẹnì kan ló ń fa dátà yín. Nǹkan mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀. Tèmi rèé, kọ̀ǹpútà yín rèé, fóònù yín…"

Ó tún un wò, ó wá na fóònù sí Hannah.

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: Fóònù Adéṣínà.

Hannah gbà á, ó tún un kà. Ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ yẹn lọ́jọ́ tó ra fóònù náà. "Níbo ló wà?"

"Inú ilé yìí ni. Wáìfáì yín ò dé títì."

Àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn ọkùnrin kan láti yàrá àlejò, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Màámi, èmi ni o. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ bá mi fi ẹja tútù sílẹ̀."

Hannah ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó gbá fóònù náà mọ́yà.

"Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi," ni ìyá àgbà wí. "Abẹ́ ìrọ̀rí Adéṣínà ni mo ti mú un lọ́jọ́ ìsìnkú, mo sì gbé e lọ s'Ìwopin lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní kí wọ́n yọ síìmù, nítorí ìpè àwọn èèyàn ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Ohùn ọmọ mi tó gbà sínú ẹ̀ nìkan ni mo fẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń wá a."

Hannah yíjú sí Luqman. Oṣù mẹ́jọ ni gbogbo àdúgbò fi ń pe Luqman lólè, òun Hannah ló sì fi ọ̀rọ̀ náà sí wọn lẹ́nu.

Luqman fi ọwọ́ méjèèjì gba fóònù náà. "Ó ṣì mọ ilé, Mama. Bó ṣe wọlé ló ti so ara ẹ̀ mọ́ máìfáì, ó wá ń kó gbogbo ohun tí kò rí gbà láti oṣù mẹ́jọ wọlé." Ó tẹ ibì kan, ó dá a padà. "Wáìfáì nìkan ni mo pa. Ohùn ẹ̀ ò lọ síbì kankan."

Hannah kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Bọ̀ọ̀dá Luqman, mo ṣẹ̀ yín. Mo bà yín lórúkọ jẹ́ lójú ayé."

Ní pálọ̀, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nẹ́tíwọ̀kì ti dé, aago mẹ́wàá sì ti lù. Hannah ò dìde. Ó ń retí kí Luqman pe òun ní Ìyàwó wa, ẹ̀ẹ̀kan péré.

"Madam," ni Luqman wí, "ẹ dìde. Wọ́n ń pè yín."

Hannah fi etí aṣọ nu ojú, ó lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin kan bi í bóyá ó ń gbọ́ àwọn dáadáa. Ó ní òun ń gbọ́ wọn. Ó ń gbọ́ géètì pẹ̀lú, bí Luqman ṣe ń rọra pa á dé lẹ́yìn ara rẹ̀.