Iwájú Orí Káfíńtà

Ẹ má bi mí bí Ẹlẹ́dàá ṣe pín irun fún Káfíńtà. Àyà rẹ̀ kún, ẹ̀yìn rẹ̀ kún, irùngbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù. Iwájú orí rẹ̀ nìkan ni irun kọ̀yìn sí, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré sì ni.

Ọjọ́ tí ó fẹ́ lọ tọrọ ọmọ, ìdààmú bá a, torí pé onígbàjámọ̀ ni bàbá ọmọbìnrin náà. Ta ni yóò tún wo orí ju irú wọn lọ? Káfíńtà rò pé àgbà náà kò ní fa ọmọ rẹ̀ fún apárí láéláé. Ló bá sáré lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mìíràn, ìyẹn sì fi aró dúdú ya irun sí i níwájú orí. Ó wo dígí, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù bàbá, ó kí i, kò tíì jókòó tí bàbá fi bi í pé:

"Ta ló yà á fún ẹ?"

Káfíńtà ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. "Kí ni, sà?"

"Irun yìí. Ó tọ́ ju etí tábìlì lọ! Jókòó síbí."

Bàbá so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó bu ọṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ orí rẹ̀. Omi dúdú ń kán sínú bàsíà. Ojú ti Káfíńtà débi pé ì bá wọlẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìyàwó ti bọ́ nìyẹn.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Mo rò pé tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ò ní gbà fún wa."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Èmi kọ́ ni mo gé irun bàbá ẹ títí tí kò fi sí nǹkan tí mo lè gé mọ́? Ọ̀gá mi ló gé ti bàbá bàbá ẹ. Àtìgbà tó o ti wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí. Ọjọ́ tí ọmọ mi dárúkọ ẹ, mo ní, 'Ṣó o mọ̀ pé apárí lo fẹ́ fẹ́?'"

"Kí ló wí, sà?"

"Ó ní ti orí ò kan òun. Ó ní o ò purọ́ fún òun rí, ìyẹn lòun ṣe fẹ́ ẹ."

Káfíńtà wo omi dúdú tó wà nínú bàsíà. Ó dùn ún wọra.

"Mi ò ní sọ fún un," ni bàbá rọra wí.

"Rárá, sà. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un. Lónìí náà ni."

Bàbá wò ó nínú dígí, ó sì mú ẹ̀rọ ìgérun rẹ̀.

"Tẹ orí ba díẹ̀," ó ní, "kí n bá ẹ gé ìyókù dọ́gba, àna mi."