Àna Tó Kọjá Lẹ́nu Ọ̀nà Láníyì

Àtàárọ̀ ni Láníyì ti ń bínú, kò sì fi pa mọ́. Ó bínú sí ìborùn ìyàwó rẹ̀, ó bínú sí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó bínú sí adìẹ aládùúgbò tó kọjá níwájú rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé èèyàn lè na afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ Ọ̀wọ̀ ìbá jẹ ẹgba lọ́jọ́ náà.

Ẹ má sì dá a lẹ́bi. Tiwalọlá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, fẹ́ lọ́kọ. Adégbénga tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ọmọ Ìdógùn ni; Èkó ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ku kí ẹbí ọkọ wá mọ ẹbí ìyàwó. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá bí ire ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹbí ọkọ á wá sílé bàbá ọmọ, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, wọ́n á jẹ iyán ilé rẹ̀, wọ́n á fojú rí ibi tí wọ́n ti tọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ mú lọ. Láti ìgbà tí Láníyì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ọjọ́ yìí ló ń dúró dè. Òun náà ti dọ̀bálẹ̀ rí nílé bàbá Theresa ìyàwó rẹ̀ ní Emùrè-Ilé, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tí eruku bo gbogbo àyà rẹ̀. Ó ti tó kí ẹlòmíràn wá dọ̀bálẹ̀ fún òun.

Àfi bí Tiwalọlá ṣe tẹ̀ wọ́n láago pé ilé oúnjẹ kan ní Àkúrẹ́ ni wọ́n máa lò. Ó ní kò sí èyí tó lókìkí tó o ní gbogbo ìlú náà, pé àwọn èèyàn ń ti Èkó wá jẹun níbẹ̀, pé wọ́n ti gba tábìlì sílẹ̀.

"Ta ló ní ká lọ sí Àkúrẹ́?" ni Láníyì bi í.

"Dádì, kó lè rọrùn fún gbogbo wa ni."

Rọrùn kẹ̀! Ẹni tó bá ń ti Ìdógùn lọ sí Àkúrẹ́, àárín Ọ̀wọ̀ ló máa gbà kọjá, ojú títì tó wà níwájú ilé Láníyì gan-an. Àna tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni, tó wá kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹni lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù, kí ló ń sọ? Ó ń sọ pé ilé rẹ kò tó èyí tí òun ń wọ̀. Láníyì kò nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn.

"Ulé mi ni wọ́n kọ̀," ló ń tẹnu mọ́ fún Theresa nínú mọ́tò. Bí inú bá ti bí i, ẹnu Ọ̀wọ̀ ló máa ń bọ́ sí. "Ulé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí ò fẹ́ wò ó rárá!"

"Bàbá Tiwa, ẹ rọra. Ọmọ la fẹ́ fún wọn, a ò lọ jà," ni Theresa dáhùn. Ṣùgbọ́n inú òun náà kò dùn. Ó ti jí gún iyán, ó kó o sínú kúlà pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Ó ní bí wọn kò bá wá jẹ uyán òun nílé, uyán òun á lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà.

Uyán kò bá wọn. Ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ náà ni sìkiọ́rítì ti dá wọn dúró. "Ẹ má bínú, mà. A kì í jẹ́ kí wọ́n gbé oúnjẹ wọlé."

"Kí wá lẹ̀ ń tà níbẹ̀? Bàtà?" ni Láníyì jágbe. Wọ́n dá kúlà padà sínú búùtù mọ́tò.

Inú ibẹ̀ tutù bí inú fíríìjì. Bàbá Adégbénga, àgbẹ̀ tí oòrùn ti pa, ká agbádá mọ́ra, ó ń gbọ̀n. Láníyì rí i, kò ṣàánú rẹ̀. Ó ní ohun tó wá ló rí. Adégbénga fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kò sí àyè. Orí rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì àwọn kan tí wọn kò mọ̀ rí, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ sì fo ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Àwọn tó wà ní tábìlì kejì rẹ́rìn-ín, wọ́n yọ fóònù. Ọjọ́ tí Láníyì ti ń retí láti ọdún gbọ́ọ́rọ́ rè é, ó ti di eré ìwòran fún àwọn tó wá jẹ ìrẹsì.

Bàbá Adégbénga wúkọ́ díẹ̀. "Àna wa, a kí yín o. A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ó wù wá, òun la wá tọrọ."

Láníyì fọwọ́ lu tábìlì. Ife omi dà nù.

"Ọgbà wo? Ọgbà mi wà ní Ọ̀wọ̀! Ẹ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ ò yà. Níbi tí a wà yìí, àlejò lèmi náà. Ẹ pe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí, kó fún yín lọ́mọ!"

Bàbá Adégbénga ṣí fìlà.

"Bàbá, a fẹ́ yà. Ọlọ́run gbọ́. Ìyàwó wa ló ní ká má yà. Ó ní ìjì ti ṣí òrùlé ilé yín, pé ilé ẹbí lẹ̀yin àti Màmá ń sùn, pé bí a bá dé ibẹ̀, a máa dójú tì yín. Mo tilẹ̀ ti ń bá káfíńtà kan sọ̀rọ̀ nítorí yín."

Páànù kan kò ṣí lórí ilé náà. Láníyì yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Tiwalọlá. Ìjì wo?"

Ọmọ náà kò lè gbójú sókè. "Dádì, ẹ má bínú. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ wa ló máa rí fọ́tò tí a bá yà. Ilé yẹn ti gbó. Ojú ló ń tì mí."

Láti àárọ̀ ni Láníyì ti ń wá ẹni tó kọ ilé òun. Inú ilé náà ni wọ́n ti bí ẹni náà. Ìbínú tó ń bí i sí ará Ìdógùn kò ju eré lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó dé sí i wàyí. Èyí kò jẹ́ kó lè pariwo. Ó dìde, ó tẹrí ba fún Bàbá Adégbénga.

"Ẹ forí jì mí, àna mi. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ní ìta, àwọn ará Ìdógùn ń wọ bọ́ọ̀sì wọn. Tiwalọlá wá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò bàbá rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?" ni Láníyì bi í.

"Ilé, Dádì."

"Àwọn tí kò mọ ilé náà rí ló wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Bá wọn wá. Bí ẹ bá dé, kí o kanlẹ̀kùn bí àlejò, kí n wá ṣí i fún ọ."

Láníyì na ọwọ́ sẹ́yìn láti ìjókòó iwájú, ó ti ilẹ̀kùn pa.

Tiwalọlá rìn lọ síbi bọ́ọ̀sì, ẹkún ti ba àtíkè ojú rẹ̀ jẹ́. Bàbá Adégbénga sún fún un lórí ìjókòó.