Ihò Òkété Ọ̀nà Òjòkù

Ejò tí mo fi ọwọ́ òsì pa lọ́dún tí rélùwéè kọ́kọ́ dé Ọ̀fà, orí rẹ̀ wà lẹ́nu odi ìlú wa, ìrù rẹ̀ sì wà ní Ìkìrun níbi tó ti ń lé eṣinṣin. Òyìnbó tó ń to irin rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ́jú, ó rò pé ojú ọ̀nà tí wọ́n ti kó yẹ̀pẹ̀ sí ni, ó sì ń to irin lé e láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ẹ lọ wo ibi tí ọ̀nà náà ti wọ́. Ibi tí ejò ti yí ẹ̀gbẹ́ padà nígbà tí mo fún un lọ́rùn nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ dòní. Oṣù mẹ́jọ péré ni mo fi jókòó níwájú tíṣà kí wọ́n tó lé mi nítorí alángbá tí mo fi sínú fìlà rẹ̀, ṣùgbọ́n irú ẹnu tí mo ní, kò sí ilé ìwé tó ń kọ́ni.

Iṣẹ́ wa nígbà ọyẹ́ ni òkété wíwa. Àwa mẹ́ta la jọ máa ń lọ: èmi Fátóyè, Ògúnbọ̀wálé tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àti àbúrò rẹ̀ Ajíbádé. Ní agbolé tiwa, ẹni tó bá rí ihò kì í ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹnu ihò kejì ló máa jókòó tì pẹ̀lú kùmọ̀, àyà òkété sì di tirẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù ló ń ki ọwọ́ bọlẹ̀. Òun náà kì í sì í dédé ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. A ó kọ́kọ́ wo ẹnu ihò. Tí èèpo ẹ̀kùrọ́ tútù bá fọ́n síbẹ̀, onílé wà nílé. Tí kò bá sí èèpo, tí ẹnu ihò sì ń dán bí ohun tí wọ́n fi epo pa, ejò ló ń wọ́ gba ibẹ̀, kí kálukú bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo ti sọ fún gbogbo agbolé pé imú mi ń gbọ́ òórùn òkété lábẹ́ ilẹ̀, pé mo lè dúró ní Ọ̀fà kí n ka èyí tó wà ní Ìlemọ̀nà, akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀. Torí ẹ̀ ni Àrìnpé, ìyàwó Ògúnbọ̀wálé, ṣe sọ mí ní Imú-ò-parọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi mú wọn rìn nínú igbó, a ò rí ìrù eku kan.

"Imú-ò-parọ́," Àrìnpé pè mí nígbà tí a ń jẹun nírọ̀lẹ́, "ṣé òtútù ló mú imú yín ni? Ẹ jẹ́ n bá yín fín ata sí i."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ajíbádé rẹ́rìn-ín débi pé ọbẹ̀ gba imú rẹ̀ jáde. Ó dùn mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba ẹ̀yìnkùlé Àrìnpé kọjá, níbi tó ti máa ń fi òkúta pa ẹ̀kùrọ́ tó fi ń ṣe àdín. Mo bu èèpo ẹ̀kúnwọ́ méjì sápò. Mo ṣáájú wọn dé ọ̀nà Òjòkù, mo rí ihò àtijọ́ kan nídìí ọ̀pẹ, mo sì fọ́n èèpo náà síbẹ̀. Mi ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ ń dán. Mo rò pé a máa gbẹ́ ẹ, a ò ní bá nǹkan kan, n ó sì ní òkété ti gba ẹnu kejì sá lọ. Ohun tí mo rò nìyẹn, Ọlọ́run gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀!" Mo kígbe tí igbó fi mì. "Mẹ́tàdínlógún ni mo gbọ́ òórùn wọn! Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó tó ewúrẹ́!"

Ògúnbọ̀wálé bẹ̀rẹ̀, ó mú èèpo kan, ó tẹ̀ ẹ́ wò. "Ó tutù lóòótọ́." Ó fi ọkọ́ fẹ ẹnu ihò díẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó ki apá bọ̀ ọ́ dé èjìká.

Lójijì ló fa apá yọ. Ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ sì bò ó, kò sẹ́ni tó lè mọ irú eyín tó wọ̀ ọ́.

"Ó gé mi jẹ!" Ó ń gbọn ọwọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Òkété Fátóyè léyín o!"

"Ẹ̀gbọ́n," Ajíbádé ní, "ẹ ò gbọ́ pé ó tó ewúrẹ́ ni?"

Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé èèpo yẹn kì í ṣe ti òkété. Kí n la ẹnu ni. Kí n ní, ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ ejò, ẹ jẹ́ ká sáré. Ìyá Ṣàngóbùnmi tó ń wo ẹni tí ejò bá bù ṣán wà ní Òjòkù, a sì ti rin ìdajì ọ̀nà ibẹ̀. Ẹnu tó to irin lé ejò lẹ́yìn dé Ìkìrun kò rí gbólóhùn kan sọ. Ẹ̀rín Àrìnpé ni mo ń gbọ́ létí. Mo ní, "Ẹ fi ewé pa á. Òkété ò lóró."

Wọ́n gbà mí gbọ́. A fi ewé pa á, a kẹ̀yìn sí Òjòkù, a kọrí sílé.

Ká tó dé odò, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ rẹ̀ wú bí iṣu. Mi ò fi kún un, bí iṣu gan-an ló rí. Awọ rẹ̀ ń dúdú, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì.

"Fátóyè, irú òkété wo lèyí?"

Mo ní abo ọlọ́mọ ni, pé inú abo ọlọ́mọ kì í dára. Ó gba ìyẹn náà gbọ́.

Nígbà tí a gbé e délé, tó sì dàbí ẹni pé kò mọ̀ wá mọ́, Ajíbádé sáré lọ pe Ìyá Ṣàngóbùnmi. Oòrùn ti yẹ̀ àtàrí kí màmá náà tó dé. Ó wo ọwọ́, ó wo èrìgì tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sun.

"Paramọ́lẹ̀ lèyí. Ẹ wà lọ́nà ilé mi, ẹ sì gbé e padà wálé?"

"Òkété ni wọ́n pè é, màmá," Àrìnpé ní. Ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan.

Màmá ṣe gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ògúnbọ̀wálé kú ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì. Ó fi ọwọ́ tí kò wú di ti ìyàwó rẹ̀ mú, títí ìka rẹ̀ fi tú.

A sin ín. Ajíbádé gbé ọkọ́, ó padà lọ sí ìdí ọ̀pẹ náà. Nígbà tó padà délé, ó ju paramọ́lẹ̀ kan sílẹ̀ níwájú àwọn àgbà, ó sanra, kò gùn ju apá mi lọ. Ó da àwọn èèpo tó bá lẹ́nu ihò tì í.

"Ẹ bá mi wò ó. Ìgbà wo ni paramọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀kùrọ́?"

Ẹnu mi là fúnra rẹ̀. "Òkété ló ni ihò! Ejò yìí ló wọlé tọ̀ wọ́n, ó gbé gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún mì lẹ́ẹ̀kan náà! Ẹ ò rí bó ṣe sanra?"

Àrìnpé jáde síta, ohun tí opó kì í ṣe. Ó mú èèpo kan, ó yí i lọ́wọ́, ó mú òmíràn.

"Òkété máa ń fi eyín lu ẹ̀gbẹ́ èèpo ni, ojú eyín á sì wà níbẹ̀," ó ní. "Kò sí ojú eyín lára ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Òkúta ló pa wọ́n. Ẹ̀yìnkùlé mi ni wọ́n ti wá."

Ó gbójú sókè. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, kò pe orúkọ mi rí.

"Fátóyè. O mọ̀. O rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń wú, o mọ̀, o sì ń sọ̀rọ̀ abo ọlọ́mọ fún un."

Ajíbádé ti ń nawọ́ sí àdá. Mo fo ògiri agbolé, mo já sínú koríko tó ga jù mí lọ. Mo gbọ́ ohùn Àrìnpé lẹ́yìn mi, "Ẹ mú un!", mo sì ń sá lọ.