Òróró Lórí Bẹ́líìtì

Nígbà tí Àrẹ̀mú mẹkáníìkì mú sípánà láti tú ẹ́ńjìnì, gbogbo ọrùn ló nà síwájú àfi ti Ìyá Tèmídayọ̀ tó ni ọkọ̀. Òun dúró lẹ́yìn díẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń ṣe ojú bí ẹni tó ti mọ ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta rèé tí ọkọ̀ náà kú lójú títì, láàárín Ìjàyè sí Moniya, tòun ti àpò gaàrí mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀. Kò tutọ́, kò húkọ́. Ó kàn dákẹ́ lójijì bí fìtílà tí afẹ́fẹ́ pa. Nígbà tí wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì ń yí fẹ́ẹ́ láìgbiná. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà á ti mọ̀ pé bẹ́líìtì inú ló lọ, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táímìn, tó ń mú òkè ẹ́ńjìnì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ rìn pọ̀ bí ẹsẹ̀ méjì ẹnì kan ṣoṣo. Oṣù márùn-ún péré sì nìyí tí Àrẹ̀mú fi tuntun sí i. Ọdún mẹ́rin ló ní yóò lò.

Ìyá Tèmídayọ̀ kò dúró bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ariwo ló ń pa bọ̀ wọ Moniya lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ó sọ fún Mùjíbátù elélùbọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé ayédèrú ni Àrẹ̀mú tà fóun. Ó sọ fún àwọn ọlọ́kadà ní oríta. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n ń jẹ́rìí ní ìjọ Kérúbù tó ń lọ, ó dìde nínú aṣọ funfun, ó ní kí Olúwa gba òun lọ́wọ́ olè mẹkáníìkì. Láti ibẹ̀ ló ti gba ilé Bàbá Josiah lọ, alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì.

Òfin ẹgbẹ́ kò rú ẹnikẹ́ni lójú: ẹni tó bá ta ayédèrú fún oníbàárà, tàbí tó bá fi àìbìkítà ba ọkọ̀ jẹ́, kò ní ibùjókòó mọ́ lábẹ́ igi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnì lójú gbogbo ayé. Ìyẹn ni wọ́n ṣe pé jọ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Àrẹ̀mú fa bẹ́líìtì náà yọ. Eyín ara rẹ̀ ti ká dànù ní ibi tó gùn tó ìka mẹ́rin, ìyókù ń dán. Bàbá Josiah gbà á, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì wo ìkọ̀wé ẹ̀yìn rẹ̀ títí.

"Ojúlówó ni," ni bàbá wí. "Àmọ́ ẹ wò ó bó ṣe wú. Epo ló pa á. Bí ikán ṣe ń jẹ igi ni epo ń jẹ rọ́bà." Ó yíjú sí Àrẹ̀mú. "O ò pààrọ̀ síìlì tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, àbí?"

"Mo pààrọ̀ ẹ̀, Alága. Ẹ tọwọ́ bọ ibẹ̀, ó gbẹ."

Bàbá tọwọ́ bọ ibẹ̀. "Ó gbẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n epo kì í já bọ́ látọ̀run. Ìwọ lo fọwọ́ kan ibí kẹ́yìn."

"Àrẹ̀mú, ṣé o dín àkàrà síbẹ̀ ni?" Ọlọ́kadà kan ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín sọ.

Bàbá Josiah na bẹ́líìtì náà sí Ìyá Tèmídayọ̀ pé kó fojú ara rẹ̀ rí i. Kò tíì kàn án lọ́wọ́ tí òórùn rẹ̀ fi gbá a nímú. Òórùn ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni, láàárọ̀, nígbà tó bá gbàdúrà tán.

Lẹ́yìn iṣẹ́ Àrẹ̀mú, lọ́jọ́ tí wọ́n ya ọkọ̀ náà sí mímọ́, ìka kan ni Wòlíì ìjọ rẹ̀ tì bọ òróró ólífì, ó fi ya àmì àgbélébùú síwájú ọkọ̀, ó parí. Lójú Ìyá Tèmídayọ̀, ìyẹn kéré. Ta ló ń ta òróró sórí tí kì í ta á sọ́kàn? Bẹ́líìtì inú yẹn sì ni ọkàn ọkọ̀ lójú tirẹ̀. Láti ìgbà náà, kó tó gbéra láràárọ̀, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tú ìdè méjì tó di ọmọrí dúdú ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì mú, á da òróró sí bẹ́líìtì náà, á sì dì í padà. Ìgò kan kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Àrẹ̀mú sì ti kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ tó parí iṣẹ́: "Màmá, ẹ má jẹ́ kí nǹkan olómi kan ibí o." Ó ní òun ti gbọ́. Nínú ọkàn rẹ̀, òróró tí a gbàdúrà sí kì í ṣe ẹgbẹ́ epo.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ó wo Àrẹ̀mú. Àrẹ̀mú kò wo ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò, tó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Bóyá ọwọ́ mi dọ̀tí lọ́jọ́ yẹn, Alága," ló wí jẹ́ẹ́. "Bóyá mi ò nù ún dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Ìyá Tèmídayọ̀ kò lè gbà mì.

"Èmi ni," ló wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Èmi ni mo da òróró sí i. Òróró àdúrà. Àràárọ̀ ni."

Ọlọ́kadà yẹn pàtẹ́wọ́: "Yéè! Ẹ́ńjìnì ti di wòlíì!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi mú igi. Bàbá Josiah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Tèmídayọ̀," ló wí, "ẹ sì pè é ní olè."

Ilẹ̀ ò lanu gbé e mì. Ó bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí òun lè bí. Àrẹ̀mú sáré dì í lápá mú. "Ẹ dìde, Màmá! Ẹ má fi ìkúnlẹ̀ ṣépè fún mi."

Àrẹ̀mú padà sídìí iṣẹ́. Ó yí irin òkè títí àmì ara rẹ̀ fi kojú àmì ara ẹ́ńjìnì, ó ṣe ti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó tó fi bẹ́líìtì tuntun kọ́ wọn. Ó fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ń tẹ́tí. Kò sí irin tó tẹ̀ nínú. Nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Tèmídayọ̀ kò lè yọ̀.

"Kí ni kí n ṣe fún ọ, Àrẹ̀mú?"

Ó ń nu ọwọ́. "Láàárọ̀ yìí, oníbàárà mẹ́ta ló wá gbé ọkọ̀ wọn lọ. Wọn ò bá mi jà o. Wọ́n kàn ní àwọn ń bọ̀." Ó mú bẹ́líìtì tó bàjẹ́ nílẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tẹ́ ẹ sọ ọ́ dé, Màmá."

Ó gbà á. Kò fi aṣọ bò ó. Ó gbé e kọ́ apá, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn wọ ọjà.

Mùjíbátù ti rí i lókèèrè. "Ìyá Tèmídayọ̀! Wọ́n ti lé olè yẹn?"

Ó gbé bẹ́líìtì náà sórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́.

"Kì í ṣe olè," ló wí. "Gbóòórùn ẹ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́, Mùjíbátù. Pe àwọn ọlọ́kadà oríta wá, kí àwọn náà gbọ́."

Lẹ́yìn wọn, ó ku ìjọ Kérúbù, lọ́jọ́ Àìkú, nínú aṣọ funfun kan náà.