Fírísà Tó Jó Láìsí Ìlù

Oorun ọ̀sán Sátidé tó kọjá ló gbé àlá yìí wá bá Bàbá Ọmọ́wùmí, ẹni tí gbogbo àdúgbò wa ṣì ń pè ní Bàbá Wolé-wolé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, kò sì rẹ́rìn-ín níbì kankan. Èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí nígbà tó sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n kí n tó dé inú àlá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin náà kó tó sùn.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi ṣe wolé-wolé. Kò sí ìkòkò omi tí kò ṣí wò, kò sí ṣáláńgá tí kò yọjú sí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí kò rí ilé onílé wọ̀ mọ́, ó kọjú sí ilé ara rẹ̀. Ó sọ yàrá kan ní ẹ̀yìnkùlé di ṣọ́ọ̀bù, ó ra òòlù, ó ra píláyà, ó ra tẹ́sítà, ó ní oníṣẹ́ ọwọ́ kankan kò tún ní gba ẹnu ọ̀nà òun wọlé mọ́. Páìpù tó bá ń jò, rọ́bà kẹ̀kẹ́ ló fi ń dì í. Tápù tó bá ti tún ṣe, ọwọ́ òsì la fi ń ṣí i, ẹsẹ̀ la fi ń tì í. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èékù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró sọ ìyẹn fún wolé-wolé?

Fírísà ló dójú tì í. Ẹja inú yìnyín ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ọmọ́wùmí, ń tà, kóté àti ṣáwá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì fírísà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣẹ́ẹ́-ṣẹ́ẹ́, Ìyá sì ní kí wọ́n pe Ṣàkíru oníṣẹ́ iná. Bàbá ní, "Iṣẹ́ wo ló wà nínú wáyà méjì?" Ìgbà tí Ìyá lọ sọ́jà, ó tú u, ó sì tún un so. Pupa kan dúdú, ó dún gbàù, fírísà jó. Nígbà tí Ìyá dé, tó bá ẹja tó ti ń rùn, Bàbá la ẹnu, irọ́ ló sì jáde: "Àwọn oníná ni. Iná tí wọ́n mú wá ló lágbára jù."

Irọ́ náà ì bá kú síbẹ̀, àdúrà àárọ̀ ni kò jẹ́ kó kú. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kúnlẹ̀ ní pálọ̀, Ìyá a gbé ohùn sókè: "Ẹni tó jó fírísà mi, tó ba òwò mi jẹ́, Olúwa, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbádùn, iná ni yóò máa jó ohun gbogbo tó bá dáwọ́ lé!" Ẹ sì mọ bó ṣe ń rí: àmín ti baálé ló gbọ́dọ̀ ròkè jù lọ nínú ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi ṣe àmín sí èpè ara rẹ̀, kíkan kíkan, kí ìyàwó má baà fura. Ó ń dùn ún dé egungun, kò sì mọ ibi tí yóò ti mú ọ̀rọ̀ náà sọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn ní ọ̀sán Sátidé náà. Ó jẹ ẹ̀bà tán, ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ tú fáànù kan wò. Orí àga ni oorun ti gbé e lọ.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bàbá ṣí i, ó bá òòlù rẹ̀ tó dúró síta, ó wọ táì, ó gbé fáìlì kan dání. Òòlù tẹríba láti kí i, orí rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì fọ́.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ káàsán, sà. Wọ́n ń pè yín ní ọ́fíìsì."

"Ọ́fíìsì wo?"

"Èyí tó wà lókè yẹn, sà."

Bàbá gbójú sókè. Lóòótọ́, ọ́fíìsì kan wà lójú òfuurufú, lókè igi máńgòrò. Omi tó ń tú jáde lára páìpù tó fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ dì ló gbé e dúró síbẹ̀. Ohun tí Bàbá kọ́kọ́ wò ni bóyá omi náà ní tanwíjí nínú. Kò ní. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ní kí àwọn máa lọ.

Wáyà pupa ni wọ́n gùn dé òkè. Àwọn irinṣẹ́ yòókù tò tẹ̀lé e. Bí wọ́n ṣe ń gùn ún lọ, ó gbọ́ ẹkún lẹ́yìn. Tẹ́sítà ló ń sunkún.

"Kí ló dé?" Bàbá bi í.

"Ẹ rà mí, ẹ fi mí sápò," ni tẹ́sítà wí. "Lọ́jọ́ fírísà yẹn, inú àpò àyà yín ni mo wà. Mò ń pariwo pé ẹ bi mí o, ẹ bi mí, mo mọ èyí tí iná wà lára rẹ̀. Ẹ ò bi mí."

"Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ni."

"Ohun tí gbogbo wọn máa ń wí náà nìyẹn," ni píláyà dá sí i. Píláyà kò léyín mọ́, torí Bàbá ti fi kan ìṣó rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara. Ṣùgbọ́n Bàbá gbọ́ ọ yé.

Ọ́fíìsì náà ń fì síhìn-ín, ó ń fì sọ́hùn-ún. Ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀, káakí lára wọn, ìwé lọ́wọ́ wọn, irú aṣọ tí Bàbá wọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún gan-an. Alága wọn sanra, ó sì ń lu òǹtẹ̀ mọ́ tábìlì láìsí ìwé lábẹ́ rẹ̀.

"Wolé-wolé ni wá," ló wí. "Ilé yín la wá yẹ̀ wò. Kí ló ṣe fírísà yín?"

"Ó jó, sà."

"Ó jó?" Alága wo àwọn yòókù lójú. "Ta ló lùlù fún un?"

"Kò sẹ́ni tó lùlù, sà."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fírísà jó láìsí ìlù. Ṣé ijó ayọ̀ ni àbí ijó ìbànújẹ́?"

Bàbá ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Lójú rẹ̀, ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Òun náà ti bi onílé ní èyí tó le ju ìyẹn lọ rí. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jó, sà. Kò tún jó mọ́ lẹ́yìn ìyẹn."

"Ẹ pè é wọlé."

Fírísà wọlé. Gèlè Ìyá Ọmọ́wùmí ló wé sórí, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Kóté mẹ́fà tẹ̀lé e, wọ́n dì gbagidi, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹlẹ́rìí, wọ́n ká ìrù léra. Fírísà kò wojú Bàbá rárá. Ìyẹn ló dun Bàbá jù.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tutù nínú ilé yẹn," ni fírísà wí. "Mi ò gbóná mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ọwọ́ ẹnì kan ló bà mí jẹ́."

Alága kọjú sí Bàbá. "Ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ àwọn oníná ni, sà."

Ìwo méjì yọ lórí alága. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Bàbá kàn rí i pé fìlà alága ti wá jókòó dáadáa láàárín ìwo náà.

"Mo tún bi yín. Ọwọ́ ta ni?"

"Iná tí wọ́n mú wá ló lágbára jù, sà."

Irùngbọ̀n gígùn kan já wálẹ̀ ní àgbọ̀n alága, àwọn méjèèjì tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í họra pẹ̀lú pátákò.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ọwọ́ ta ni?"

"Oníná," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

Kó tó pa ẹnu dé, òbúkọ mẹ́ta ló dúró níwájú rẹ̀. Inú kò bí i. Ó ti bá òṣìṣẹ́ ìjọba tó burú ju òbúkọ lọ ṣiṣẹ́ rí, àwọn wọ̀nyí sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó jẹ́ alága fa ojú ewé tí orúkọ Bàbá wà ya, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó wá gbé orí sókè, ó ké: "Àmẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀ín!" Àwọn méjì yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Àmẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀ín!"

Ọ̀kan nínú àwọn kóté mi orí. "Ohùn Bàbá gan-an nìyẹn," ló wí fún èkejì. "Bó ṣe máa ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn, àní bó ṣe ń fà á gan-an nìyẹn."

Ojú ti Bàbá débi pé ó bojú wolẹ̀. Nígbà tó máa gbójú sókè, kò sí ọ́fíìsì mọ́, pálọ̀ rẹ̀ ló wà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, eruku bò ó dé orúnkún, ó gbé àpò kọ́ èjìká.

"Ẹ kúulé o."

"Ẹ káàbọ̀. Ta ni yín?"

"Èpè ni mí. Èpè Ìyá Ọmọ́wùmí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi mu."

Bàbá bu omi fún un. Èpè dúpẹ́, ó mu ún, ó fi ọwọ́ nu ẹnu. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti ń rán mi níṣẹ́ kan náà, àràárọ̀ ni. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn oníná, mo wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kọ́. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, bàbá. Iṣẹ́ tí wọ́n bá sì ti rán mi, mi ò gbọ́dọ̀ gbé e padà láìjẹ́ ẹ. Ṣé ilé yìí kọ́ ni ẹni tó jó fírísà ń gbé?"

Èpè yìí níwà, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ ni Bàbá lára. "Èmi ni" ti wà ní orí ahọ́n rẹ̀. Ó kàn ku kó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á, ó sì na ìka bí wolé-wolé ṣe máa ń nà án.

"Kì í ṣe ibí. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún yẹn."

Èpè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Ìgbà yẹn ni Bàbá tó wo ibi tí ìka òun nà sí. Yàrá Ìyá Ọmọ́wùmí ni. Ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń kọrin, tó ń ká aṣọ. Èpè kan ilẹ̀kùn.

Bàbá fẹ́ ké pé, "Ẹ padà! Èmi ni!" Ẹnu rẹ̀ ti di tápù. Àmín nìkan ló ń kán jáde níbẹ̀, tó, tó, tó. Ó fa sípánà yọ láti yí i, sípánà ní, "Ẹ má bínú, bàbá, mi ò bá a mu." Láti inú yàrá, Ìyá dáhùn pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tó fi máa ń dá àlejò lóhùn. "Ta nìyẹn? Ẹ wọlé."

Ìbẹ̀rù yẹn ló jí i. Òógùn bò ó. Páìpù orí àjà ṣọ́ọ̀bù ló ń kán sí i lẹ́sẹ̀, tó, tó, tó, ojú ihò kan tí kò tíì dì. Lóde, ìyá kan wá ra ẹja.

"Kò sí ẹja o, màmá," ni Ìyá Ọmọ́wùmí ń wí. "Àwọn oníná ti jó fírísà mi. Ẹni tó sì ṣe é fún mi, iná ni yóò..."

Bàbá sáré jáde láìwọ bàtà. "Ìyá Ọmọ́wùmí! Má parí rẹ̀! Mo bẹ̀ ọ́, má parí rẹ̀!"

"Kí ló dé? Kí ló lé yín?"

"Èmi ni. Èmi ni mo so wáyà yẹn. Kì í ṣe oníná. Má bínú."

Ìyá wò ó. Kò pariwo. Bàbá sọ fún mi pé ká ní ó pariwo ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ṣeé gbé.

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni Ìyá wí. "Ẹ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi láràárọ̀, mò ń ṣépè, ẹ̀ ń ṣe àmín. Ti fírísà kọ́ ló ń dùn mí, Bàbá Ọmọ́wùmí. Bí ẹ ṣe jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ṣépè fún baba ọmọ mi ni."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú yanrìn níbẹ̀, lójú oníbàárà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Olúwa, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láràárọ̀, mo kó o padà. Má gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ yóò gbádùn. Iná kò ní jó o. Mi ò mọ̀ pé òun ni."

"Àmín o," ni oníbàárà wí.

Bàbá náà kúnlẹ̀. Ó la ẹnu kó ṣe àmín tirẹ̀, èyí tó fẹ́ ṣe tọkàntọkàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohùn kò jáde. Ìyá kò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ń dúró dè é.