Ilẹ̀ Tí Wexcombe Kò Rà Rí

Ẹ sún mọ́bí, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri yẹn. Ẹ fa àga yín wá sítòsí iná. Ẹni tó ń fọ́ ẹ̀pà, kó rọra máa fọ́ ọ, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí pé kí ni mo wí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo mú wá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ òkú, àti ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó fi àgádágodo ti ojú oórì ìyá oníyàá.

Ní Virginia, ní káúntì Amberley, níbi tí omi odò ti dúdú bíi tíì, ni Verlene Tynes ń gbé. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń wà títí tó fi fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń gbé orin sókè ní Ìjọ Elim lọ́jọ́ Àìkú. Bí ó bá gbé orin, fèrèsé á máa gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló ní, Otho lorúkọ rẹ̀. Otho ṣàìsàn pẹ́, ó sì kú lọ́jọ́ Ajé. Kó tó dákẹ́, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

Ó ní, "Verlene, ẹ̀gbẹ́ Màmá ni o. Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ síbòmíràn."

Verlene ní, "Ẹ̀gbẹ́ Màmá náà ni, Bùọ̀dá mi. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ìlérí nìyẹn. Ẹni tó bá ṣèlérí fún ẹni tó ń kú, ọrùn ara rẹ̀ ló so ó mọ́.

Ní Elim, a kì í háyà ẹni tí yóò gbẹ́lẹ̀ òkú wa. Àwọn ọkùnrin ìjọ ló ń fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n gbé ṣọ́bìrì lọ síbi ìsìnkú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wáyà ni wọ́n bá. Wáyà tuntun tó ń dán, géètì irin, àgádágodo tó tóbi bí ìkúùkù, àti pátákó: ILẸ̀ WEXCOMBE. Ẹ MÁ WỌ̀ Ọ́. Láti ibi géètì ni wọ́n ti ń wo àwọn òkúta tí a fi sàmì sórí àwọn ìyá wa, àwọn ìkarahun funfun, àti òdòdó aláwọ̀ aró tó ń rá nílẹ̀ kiri láàárín wọn.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Verlene. Bó ṣe dé náà ni ọkọ̀ akẹ́rù Garland Wexcombe dúró. Ìdílé Wexcombe ló ni oko tábà gbogbo agbègbè yẹn láyé ẹrú, Garland yìí ló sì kù tí ń jẹun lórí ohun tó kù níbẹ̀. Kò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò ṣí fìlà.

Ó ní, "Verlene, mo gbọ́ nípa Otho. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ bàbá mi nìyí, láti ojú títì títí dé odò. Àwọn tó ń gbin igi páìnì tà fẹ́ rà á, wọn ò sì fẹ́ òkú tuntun níbẹ̀."

Ẹ wo ọmọ tí Verlene fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ! "Verlene" gbalaja, bí ẹni ń pe ajá rẹ̀.

Verlene ní, "Ọ̀gbẹ́ni Wexcombe, èmi ni mo ń gbé ọmọ yín lọ sílé-ìwé nígbà tí kò tíì lè so okùn bàtà. Ìyá mi wà nínú wáyà yín yẹn. Ìyá ìyá mi wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Bàbá mi ló ṣàánú yín tí ẹ fi ń lò ó. Àánú náà sì ti tán. Bí o bá ní ìwé, mú un wá síwájú adájọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí mo ti ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ yìí."

"Àánú!" Díákónì Festus, alága àwọn agbẹ́lẹ̀, ju ṣọ́bìrì sílẹ̀ gbàù. "Ẹ gbọ́ o, ó ní àánú! Ẹni tó jí ẹran tán, tó ní òun fún ọ ní egungun!"

Garland ti ṣíná sí ọkọ̀. Eruku rẹ̀ ló dá wa lóhùn.

Ìwé wo ni Elim ní? Ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ti jóná kí wọ́n tó bí Verlene, gbogbo ìwé inú rẹ̀ sì bá iná lọ. Nítorí náà, ní Ọjọ́rú, Verlene dé fìlà ọjọ́ Àìkú rẹ̀, ó gbọ̀nà kóòtù káúntì lọ, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ìwé ilẹ̀ àtijọ́ sí. Ó ti pinnu pé òun á tọ ilẹ̀ Wexcombe láti ọwọ́ Garland padà sẹ́yìn, láti ọmọ sí bàbá, títí òun á fi rí ibi tí irọ́ ti wọlé.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bonnie Pruitt ló ń tọ́jú yàrá náà. Ó gbé ìwé kan kalẹ̀, ìwé náà wúwo bí ọmọ màlúù. Garland gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Verlene ń tọ̀ wọ́n lọ bí ẹni ń tọ ojú ẹsẹ̀ olè nínú ẹrẹ̀. Gbogbo ìwé ló sì ń wí ohun kan náà: láti ojú títì dé odò, kí ẹ bá odò lọ bó ṣe ń yí.

Nígbà tó dé ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí Wexcombe kan kú láyé ẹrú, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Wọ́n ka gbogbo dúkìá olóògbé sílẹ̀. Ibùsùn kan àti ìrọ̀rí rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀. Sukey. Agogo ara ògiri. Big Jem. Ìkòkò irin tó ti sán. Phillis àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ka ìyá wa mọ́ ìkòkò! Ìkòkò tó sán pàápàá wà lókè orúkọ Phillis.

Ara Verlene ń gbóná. Kó má bàa fa ìwé náà ya, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin jẹ́jẹ́, orin náà sì ń ga sókè láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Bonnie rọra wá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í kọrin níbí."

"Ọmọ mi, bí mi ò bá kọrin, màá ké. Èwo lo fẹ́?"

Bonnie wo ojú rẹ̀, ó wo ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀, ó ka ohun tó wà níbẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ẹ máa kọrin, mà."

Ọjọ́rú náà lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn, Verlene ti dé ìdí Wexcombe àkọ́kọ́ pátápátá, kò sì rí ihò kankan. Títì dé odò. Ibojì wà láàárín títì àti odò. Garland ló jàre, bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí.

Ó gba ilé Àǹtí Mozelle lọ, àbúrò ìyá rẹ̀ tó dàgbà jù lọ ní Elim. Ìyá àgbà jókòó sí ìloro, ó ń yọ ẹ̀wà tútù nínú èèpo rẹ̀. Verlene jókòó tì í, ó bú sẹ́kún.

"Àǹtí, mi ò rí i o. Mo ti ṣèlérí fún Otho, ó sì wà lọ́dọ̀ olùtọ́jú òkú bí ẹrù tí a kò rẹ́ni gbà. Gbogbo ìwé ló ní ilẹ̀ wọn dé odò."

"Odò wo?"

"Odò Wexcombe náà ni, Àǹtí. Èyí tó wà lẹ́yìn ibojì."

Àǹtí Mozelle rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi fẹ́ bọ́ sínú abọ́ ẹ̀wà. "Odò? Ta ló pe ìyẹn lódò fún ẹ? Kòtò Jem nìyẹn! Àwọn èèyàn wa ló fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ kí omi lè yí ọlọ ńlá tí ọ̀gá fi ń lọ àgbàdo. Kí lo rò pé ò ń kọ lórin nígbà tí ò ń fo okùn kiri àgbàlá mi?"

Ìyá àgbà bá gbé e, ó ń fi èèpo ẹ̀wà lu etí abọ́:

*Jem, fa ọkọ́, omi ń bọ̀ lẹ́yìn.*
*Fà á o, fà á.*
*Odò ò mọ̀nà, àwa la là á fún un.*
*Fà á o, fà á.*
*Ọ̀gá ló lọlọ, àwa la lẹrẹ̀.*
*Fà á o, fà á.*

Ẹnu Verlene là sílẹ̀. Ó ti kọ orin yẹn láti kékeré, ó fi kọ́ àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì, kò rò ó rí pé iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń sọ. Orin eré ló kà á sí.

"Àǹtí, odò gidi wá ńkọ́?"

"Àfonífojì gbígbẹ tó wà níwájú ibojì ńkọ́, níbi tí ẹ ti ń já èso bẹ́rì? Ibẹ̀ ló ń gbà tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀gá ò jẹ́ kí a sin òkú sí ilẹ̀ òun. Ó ní kí a gbé òkú wa kọjá odò. Ni wọ́n bá gbé e kọjá."

Verlene dìde. Bí odò bá wà níwájú ibojì nígbà tí wọ́n kọ ìwé, a jẹ́ pé ibi tí ilẹ̀ Wexcombe parí sí nìyẹn. Ibojì kò sí nínú rẹ̀. Kò sí nínú rẹ̀ rí!

Ní Ọjọ́bọ̀, kí Bonnie tó yọ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn ni Verlene ti dé. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Bonnie kígbe, ó gbá orí ara rẹ̀.

"Màmá, ọlọ! Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ darí omi sí ọlọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè ní kóòtù. Kóòtù á rán àwọn onílẹ̀ méjìlá lọ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá á pa aládùúgbò lára. Inú ìwé ẹjọ́ ló máa wà, kì í ṣe inú ìwé ilẹ̀."

Àwọn méjèèjì dorí kodò. Wọ́n rí i. Tazewell Wexcombe, baba ńlá Garland láyé ẹrú, búra níwájú kóòtù pé kòtò tí òun fẹ́ gbẹ́ yóò gba inú ilẹ̀ opó Leticia Sorrell lódìkejì odò, àti pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti opó, yóò sì máa jẹ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ pé omi yí ipa padà. Àwọn méjìlá tẹ ilẹ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Orúkọ Wexcombe la ti ń wá láti àná," ni Verlene wí. "Wá Sorrell fún mi."

Wọ́n wá Sorrell. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀, ọmọ-ọmọ opó náà ta ilẹ̀ tó wà láàárín odò àtijọ́ àti kòtò fún àwọn àgbà Ìjọ Elim. Wọ́n rà á! Wọ́n fi owó ẹyin àti owó ìṣáwùrú rà á. Orúkọ tó ṣáájú nínú àwọn olùrà ni Jem Tynes, tí kò mọ̀wé, tó fa ìlà méjì pọ̀ bí àgbélébùú. Verlene fi ìka kan ìlà náà. Kò kọrin. Bonnie ló fún un ní áńkáṣíìfù.

Ní ọ̀sán, kóòtù kún. Lọ́yà Garland sọ̀rọ̀ títì àti odò títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Verlene gbé ẹ̀dà àwọn ìwé rẹ̀ fún adájọ́, òǹtẹ̀ kóòtù wà lára wọn. Adájọ́ kà á, ó tún un kà, ó yọ dígí ojú.

"Ọ̀gbẹ́ni Wexcombe, ǹjẹ́ ẹ ní ìwé kankan tó kọjá odò àtijọ́?"

Garland ní, "Odò ni odò, olúwa mi. Gbogbo ayé ló ń pè é ní Odò Wexcombe!"

"Bí mo bá kọ orúkọ mi sí ìdí ọkọ̀ yín, ṣé mo ti ra ọkọ̀ nìyẹn?" ni Verlene wí. Ẹ̀yìn kóòtù bú sẹ́rìn-ín, adájọ́ sì lu tábìlì, ṣùgbọ́n kò lù ú le. "Olúwa mi, ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwọn bàbá wa ló gbẹ́ kòtò yẹn, baba ńlá tirẹ̀ ló sì búra pé ilẹ̀ òun ò dé ibẹ̀. Ó wá dúró lẹ́nu géètì, ó ní òun ń ṣàánú wa! Láti ìgbà tí Jem ti ra ilẹ̀ yẹn ni màlúù wọn ti ń mu omi nínú kòtò wa. Ta ló ń ṣàánú ta?"

Lọ́yà Garland tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, ó ń mi orí. Ojú Garland pọ́n bí tòmátì. Adájọ́ ní kí wọ́n ṣí géètì náà kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, kí Garland sì fi owó ara rẹ̀ hú wáyà náà.

Díákónì Festus kò dúró de kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni. Irin ló fi fọ́ àgádágodo náà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a gbé Otho kọjá àfonífojì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Verlene fẹ́ gbé orin, ohùn kò jáde, ni Àǹtí Mozelle bá gbé e lórí àga rẹ̀: *Jem, fa ọkọ́.* Gbogbo wa dáhùn, *Fà á o, fà á*, àwọn ọkùnrin ń da erùpẹ̀ bá orin náà lọ títí ilẹ̀ fi tẹ́.

Lẹ́yìn náà la wọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ jẹun. Adìẹ díndín wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ tí a fi egungun ẹlẹ́dẹ̀ sè, búrẹ́dì àgbàdo, ẹ̀wà Àǹtí Mozelle, àti páì ànàmọ́ tí a kò lè kà tán. Bonnie Pruitt wá, ó jẹun tó fi tú bẹ́líìtì. Garland fi itan ẹlẹ́dẹ̀ yíyan ránṣẹ́.

Verlene ní, "Ẹ gbé e padà fún un."

"Gbé kí ni padà?" ni Àǹtí Mozelle wí. "Ẹlẹ́dẹ̀ ò gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ fún mi lọ́bẹ."

Wọ́n gé e, wọ́n jẹ ẹ́, Verlene nìkan ni kò fi ẹnu kàn án. Páì ló jẹ, ó jẹ méjì. Nígbà tí oòrùn rọ̀, kálukú di oúnjẹ tirẹ̀ sínú abọ́, ó gbé e dání, ó ń lọ sílé. Ikùn yó, ọkàn balẹ̀, a sì ń gbọ́ orin wọn lójú ọ̀nà, láti ilé dé ilé.